Awayanrìn Tó Fẹ́ Lọ Sinmi Nínú Omi

Ọdún kejìdínlọ́gbọ̀n rèé tí Mọ́ṣúdù ti ń wọ inú ọ̀sà ní Ìpakodò, kò sì tíì fojú rí ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ rí. Ó dà bí àwàdà, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn. Omi ọ̀sà wa rí bíi tíì tí wọn kò tíì bu mílíìkì sí. Bí èèyàn bá lajú níbẹ̀, ẹrẹ̀ ni yóò wọ̀ ọ́ lójú. Bó bá dijú, kò pàdánù nǹkan kan. Àwọn awayanrìn kì í kọ́ ara wọn ní èyí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé lọ́jọ́ kìíní yóò mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀ kó tó jáde.

Láàárọ̀, ọkọ̀ wọn á gbéra pẹ̀lú ìgbòkun tí wọ́n fi àpò ìrẹsì rán pọ̀. Bí wọ́n bá dé ibi tí iyanrìn wà, wọ́n á ri ọ̀pá gígùn kan mọ́lẹ̀. Mọ́ṣúdù á di ọ̀pá náà mú, á sé èémí, á dijú, á sì bá ọ̀pá lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú garawa. Ọwọ́ ló fi ń ríran níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iyanrìn tí wọ́n lè fi rẹ́ ilé yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n lè fi mọ búlọ́ọ̀kù, ó sì mọ ibi tí iyanrìn ti parí tí ẹrẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Dáúdà, tí wọ́n jọ ni ọkọ̀, ni yóò fi okùn fa garawa sókè. Ọ̀pọ̀ ilé ló wà ní Lásunwọ̀n lónìí tó jẹ́ pé Mọ́ṣúdù ti fọwọ́ pa ògiri rẹ̀ lórí kó tó di ògiri.

Iṣẹ́ náà ti gba nǹkan méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni etí. Méjèèjì ti bẹ́ láti ọdún kejì tó ti bẹ̀rẹ̀, láti ìgbà náà ló sì ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà ní òdìkejì odò. Ìkejì ni àṣírí, nítorí ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí ló fẹ́ fi pa á mọ́? Bó bá ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ ohun tó kan àwọn méjèèjì nìkan, àwọn aládùúgbò a máa dá sí i láti ẹ̀yìn fèrèsé.

Ìdí nìyẹn tí gbogbo èbúté fi mọ̀, ní ìparí ọdún 2006, pé Mọ́ṣúdù ń lọ sí Kẹ́ńyà.

Ilé Ọ̀gbẹ́ni Mojúbàolú ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ báńkì ni, ó ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìpakodò lọ sí Èkó láràárọ̀, ó sì ń kọ́ bọ́ìsì kótà sẹ́yìn ilé rẹ̀ nínú ẹ̀sítéètì kan lẹ́bàá Lásunwọ̀n. Mọ́ṣúdù ló ń já iyanrìn fún un. Lọ́sàn-án Sátidé kan, ó lọ bi í bóyá iyanrìn tó já gbẹ̀yìn tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó bá a nídìí tábìlì, tó tẹ́ àwọn bébà kan síwájú, bébà tó ti tẹ̀ jáde láti inú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì.

"Ọ̀gá, kí lẹ̀ ń wò tó báyìí?"

"Bọ̀dá Mọ́ṣúdù, ẹ súnmọ́ ibí. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ lọ lo ọ̀sẹ̀ kan ní Mọ̀ńbásà, ní Kẹ́ńyà. Wọ́n á kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń lọ sísàlẹ̀ òkun."

Mọ́ṣúdù gba bébà náà. Àwòrán ọkùnrin kan ló wà níbẹ̀, tó gbé irin sẹ́yìn, tó fi gíláàsì bojú, tí ẹja aláràbarà sì yí i ká. Omi náà mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Mọ́ṣúdù fi kọ́kọ́ rò pé ojú ọ̀run ni, pé àwọn ẹja náà ń fò ni. Lẹ́yìn náà ló rí iyanrìn lábẹ́ ẹsẹ̀ ọkùnrin náà.

"Kí ni wọ́n ń kó jáde níbẹ̀?" ló bèèrè.

"Wọn kì í kó nǹkan kan."

"Wọ́n á lọ sísàlẹ̀, wọ́n á wá gòkè bọ̀ lọ́wọ́ òfo?"

"Wọ́n kàn ń wòran ni."

"Ta ló wá ń sanwó fún wọn?"

"Àwọn gan-an ló ń sanwó."

Mọ́ṣúdù jókòó. Ẹnikẹ́ni kò tíì ní kó jókòó. Ó tún wo àwòrán náà, ó wò ó títí.

Ọ̀gbẹ́ni Mojúbàolú rí bó ṣe ń wò ó. Ọmọlúàbí èèyàn ni, ó sì sọ ohun tí ọmọlúàbí máa ń sọ. Ó ní, "Ẹ ò jẹ́ ká jọ lọ, Bọ̀dá Mọ́ṣúdù."

Gbogbo wa la mọ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Bí a bá bá ẹnì kan nídìí oúnjẹ, á ní ká wá bá òun jẹ ẹ́, àwa náà á ní á gba ibi ire, kò sì sẹ́ni tó máa fa àga. Ẹni tó bá fa àga, wọ́n á fún un jẹ, ṣùgbọ́n wọ́n á sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Mọ́ṣúdù mọ àṣà yìí bó ti mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ló gbàgbé.

Ó ní, "Mo gbà, ọ̀gá. Ẹ ṣeun."

Ọ̀gbẹ́ni Mojúbàolú rò pé ó ń bá òun ṣàwàdà, ó rẹ́rìn-ín. Mọ́ṣúdù náà rẹ́rìn-ín nítorí inú rẹ̀ dùn. Báyìí ni àwọn méjèèjì fi tẹ̀rín-tẹ̀rín pínyà, ẹnì kan ń lọ sí Mọ̀ńbásà, ẹnì kejì kò sì mọ̀ pé òun ti mú èrò.

Nígbà tó délé, ó bá Wàsílátù ìyàwó rẹ̀ níwájú ilé, tó ń to omi inú ọ̀rá sínú fíríìjì tó fi ń tà.

"Ìyá Fàlílátù, mo fẹ́ rìnrìn-àjò."

"Síbo?"

"Kẹ́ńyà."

"Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Mo fẹ́ lọ wọ inú omi."

Wàsílátù kò yéé to omi rẹ̀. "Bàbá Fàlílátù, omi wo lẹ ò tíì wọ̀?"

"Èyí tí wọ́n ti ń ríran nínú rẹ̀."

"Àwọn ẹgbẹ́ yín ń wá bí wọ́n á ṣe dé Mẹ́kà, ẹ̀yin ń wá omi."

"Mẹ́kà ò sá lọ."

"Omi náà ò sá lọ. Àárọ̀ yìí lẹ kúrò nínú rẹ̀."

Aládùúgbò kan rẹ́rìn-ín lókè ọ̀hún. Mọ́ṣúdù kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wò ó, bí mo bá kú lónìí, tí wọ́n bi mí lọ́run pé kí ló wà nísàlẹ̀ omi tí mo lo ayé mi nínú rẹ̀, kí ni kí n wí? Kí n ní mi ò mọ̀? Kí n ní mo kàn ń kọjá lọ ni? Ẹ̀rọ tó ń fa iyanrìn ti dé Ìpakodò báyìí, ìwọ náà ti rí i. Títí ọdún méjì, kò ní sẹ́ni tó máa ní kí n wọ omi mọ́. Mo fẹ́ rí i lẹ́ẹ̀kan péré."

Wàsílátù pa ilẹ̀kùn fíríìjì dé. Ó ti ń gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ fún ọdún mẹ́tàlélógún, ó sì mọ ìgbà tí ohùn náà bá pariwo nítorí etí, àti ìgbà tó bá pariwo nítorí ọkàn.

Ní èbúté, Dáúdà kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

"Wọ́n ní o fẹ́ lọ sinmi nínú omi," ló wí fún un nígbà tí wọ́n ń tú okùn ọkọ̀. "Ó dáa. Bíríkìlà tó wà ládùúgbò wa náà fẹ́ lọ sinmi, mo ní kó lọ máa ru búlọ́ọ̀kù ní Ìbàdàn."

"Tiwa kọ́ ni tiwọn. Wọ́n ń gbé afẹ́fẹ́ sẹ́yìn nínú irin."

"Ta ló ń fún un sínú irin ọ̀hún?"

"Mi ò mọ̀."

"Èmi mọ̀. Fọganáísà ni. Má ṣe wàhálà dé Kẹ́ńyà, jẹ́ kí n mú ẹ lọ bá ẹni tó ń fún táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí. Á fún ẹ ní ọgbọ̀n níwájú, ogójì lẹ́yìn, wàá sì léfòó títí dé Kẹ́ńyà láìwọ ọkọ̀."

Gbogbo àwọn tó wà létí omi rẹ́rìn-ín. Mọ́ṣúdù náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì di ọ̀pá mú, ó dijú, ó bá iṣẹ́ lọ.

Àmọ́ kò dáwọ́ dúró. Ó lọ ya fótò pásípọ́ọ̀tù mẹ́rin. Ó wọ kóòtù àti táì tí onífọ́tò fi ń ṣe àlejò, kóòtù kan náà tó ti bo èjìká ìdajì Ìkòròdú. Ó lọ sí kóòtù àwọn adájọ́ lọ búra ọjọ́ orí, akọ̀wé ibẹ̀ sì bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra búra, wọ́n ń gbẹ́jọ́ ní yàrá kejì. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ pé, ó kó o sínú àpòòwé, ó gba ilé Ọ̀gbẹ́ni Mojúbàolú lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Mojúbàolú wo fótò. Ó wo Mọ́ṣúdù. Ó wo ìyàwó rẹ̀, Bùnmi, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Bùnmi sì wo àjà. Ó yẹ kó sọ níbẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lòun sọ. Ṣùgbọ́n báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ wí fún ẹni tó ti fa àga pé òun kò pè é jẹun? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà àbáyọ nínú àwọn bébà rẹ̀, ó sì fa ọ̀kan yọ.

"Bọ̀dá Mọ́ṣúdù, ìwé kan wà tí dókítà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ohun tó wà nínú rẹ̀. Ṣé àyà máa ń dùn yín?"

"Rárá."

"Ṣé èémí máa ń há yín?"

"Ọ̀gá, bí èémí bá ń há mi, ta ló ń wa iyanrìn yín?"

"Òótọ́ ni. Wọ́n tún kọ òfin àkọ́kọ́ wọn síbí. Wọ́n ní èèyàn kò gbọdọ̀ sé èémí lábẹ́ omi."

Mọ́ṣúdù na etí sí i. "Kò gbọdọ̀ kí ni?"

"Sé èémí. Ó lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, nítorí afẹ́fẹ́ inú irin yẹn."

"Kí ni wọ́n wá ń ṣe nísàlẹ̀ níbẹ̀?"

"Wọ́n ń mí."

Mọ́ṣúdù ronú sí èyí díẹ̀. "Èmi náà lè mí," ló wí. "Ilé ni mo ti máa ń ṣe é, àmọ́ mo lè ṣe é níbẹ̀."

Bùnmi bojú rẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ tún wo bébà. "Ó ku ẹyọ kan. Ṣé ìlù etí yín ti ya rí?"

"Èwo nínú méjèèjì?"

Ọ̀gbẹ́ni Mojúbàolú gbé bébà náà sílẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ tó ń wá ti yọ, kò sì dùn mọ́ ọn. Ó rọra sọ pé dókítà kò ní fọwọ́ sí i. Mọ́ṣúdù kò gbọ́, ó ní kó tún un sọ, ọkùnrin náà sì ní láti pariwo rẹ̀, débi pé àwọn tó ń pò sìmẹ́ńtì lẹ́yìn ilé gbọ́ pé dókítà kò ní fọwọ́ sí i.

Mọ́ṣúdù kó àwọn fótò rẹ̀ padà sínú àpòòwé, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ọ̀gá," ló wí, "omi ló já etí mi. Wọ́n wá ní nítorí etí, kí n má wo omi."

Bùnmi dìde, ó wọ yàrá, ó sì mú gíláàsì ìbojú kan jáde, èyí tó máa ń bo ojú àti imú pọ̀. Wọ́n ti ra méjì sílẹ̀ de ìrìn-àjò náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ gba èyí. A máa ra òmíràn. Èyí kò nílò dókítà."

Mọ́ṣúdù kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì bó ṣe yẹ. Lẹ́ẹ̀kẹta ó gbà á.

Lọ́jọ́ kejì ó fi gíláàsì náà wọ ọ̀sà ní Ìpakodò. Dáúdà ní ó dà bí eṣinṣin. Nígbà tó gòkè, ó bi í pé kí ló rí.

"Òkùnkùn," ni Mọ́ṣúdù wí.

"Ṣé o rí i? Bí a ti ń wí fún ẹ láti ọjọ́ yìí."

Wàsílátù ló wá tún ìrìn-àjò náà ṣe. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, abúlé ìyá rẹ̀ kan sì wà létí omi, kọjá Ẹ̀pẹ́ díẹ̀. Ó ní bí ọyẹ́ bá ti mú dáadáa, omi ibẹ̀ máa ń tòrò, débi pé ẹja máa ń rí ẹni tó fẹ́ mú un kí onítọ̀hún tó rí i. "Oṣù kìíní la wà yìí," ló wí. "Bó bá jẹ́ omi tó mọ́ lẹ ń wá, ẹ jẹ́ ká lọ. Ọjọ́ mẹ́ta. Kò ní pásípọ́ọ̀tù nínú."

Mọ́ṣúdù gbà, ṣùgbọ́n ó ní ìsinmi ni, kì í ṣe àbẹ̀wò àna, ó sì fẹ́ kí gbogbo ènìyàn pè é bẹ́ẹ̀. Ó ra fìlà aláwọ̀ funfun. Ó ní kí Dáúdà sọ fún àwọn oníbàárà pé òun wà ní líìfù. Dáúdà sọ ọ́ fún wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó tún fi kún un pé kí wọ́n kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì bí wọ́n bá ní ẹ̀sùn.

Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì gba Ìtòìkín kọjá, eruku ọyẹ́ sì kún ìpéǹpéjú wọn kí wọ́n tó dé Ẹ̀pẹ́. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gun ọ̀kadà dé abúlé. Ṣẹ̀rífátù, ẹ̀gbọ́n Wàsílátù, ló gbà wọ́n sílé. Opó ni, ẹja ló ń yan, kì í sì í dín ọ̀rọ̀ kù.

"Ọkọ wa, ẹ káàbọ̀. Wọ́n ní ẹ wá sinmi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ jókòó nígbà náà. Ìjókòó ni wọ́n fi ń sinmi níhìn-ín."

"Omi ni mo wá wò."

"Omi ò ní gbowó lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ́kọ́ jẹun."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn mẹ́ta lọ sétí omi. Ó rí gan-an bí Wàsílátù ṣe sọ ọ́. Omi náà dúró jẹ́ẹ́, ó sì tòrò bí omi inú àmù. Mọ́ṣúdù wọ ọ́ títí ó fi mù ún dé àyà, ó bo gíláàsì mọ́jú, ó sé èémí, ó sì rì. Àwọn obìnrin méjèèjì dúró ní bèbè. Nígbà tó pẹ́ ju bí Ṣẹ̀rífátù ṣe rò lọ, ó yọrí. Iyanrìn kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Kí lẹ rí?" ni Wàsílátù bèèrè.

"Òkùnkùn."

"Òkùnkùn báwo?" ni Ṣẹ̀rífátù wí. "Mo dúró níhìn-ín, mo ń ka ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín."

Mọ́ṣúdù wo iyanrìn ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíì ló kó o fún un. Ó dà á nù, ó tún rì. Ó tún yọrí, iyanrìn tún ni. Ó ní òkùnkùn ni. Nígbà tó máa ṣe ìkẹta, Wàsílátù sọ̀kalẹ̀ wá sí etí omi gan-an, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì wo ojú ọkọ rẹ̀ láti òkè bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Ó rí i nínú gíláàsì náà. Ojú Mọ́ṣúdù dì pinpin bíi ti ọmọdé tí wọ́n fẹ́ rọ ní àgbo.

"Bàbá Fàlílátù," ló wí nígbà tó yọrí, "ẹ̀ ń dijú."

"Ta ló ń dijú?"

"Ẹ̀yin ni. Mo rí yín."

"Èmi ni mo ni ojú, ìwọ lo wá mọ ohun tó ń ṣe?"

Ṣùgbọ́n ó tún dán an wò, jẹ́jẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ó la ojú sílẹ̀ kó tó tẹrí ba. Bí omi ṣe kàn án létí, ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀ fúnra wọn bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin, ilẹ̀kùn náà sì tì lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ó jáde, ó jókòó sórí koríko. Ó bọ́ gíláàsì náà, ó gbé e sórí orúnkún rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n lọ mú igi ìṣáná wá," ni Ṣẹ̀rífátù wí, "ká fi ti ìpéǹpéjú yín sókè."

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Mọ́ṣúdù fi ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀sà ni kò jẹ́ kí òun ríran. Ó ti ń bínú sí ọ̀sà náà díẹ̀, bí èèyàn ṣe ń bínú sí ọ̀gá tí kò jẹ́ kí ó wọ pálọ̀ rẹ̀. Omi tó mọ́ ti wá wà níwájú rẹ̀ báyìí, kò sì sí ọ̀gá kankan níbẹ̀.

"Ó ti tó," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Lọ́la a máa padà sí Ìkòròdú."

Wàsílátù wò ó. Lẹ́yìn náà ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó so ó le, ó bọ́ bàtà, ó sì wọ inú omi. Omi náà tutù, ó sì sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó mù ún dé ìbàdí, ó yíjú padà.

"Ẹ máa bọ̀."

"Ṣe kí ni?"

"Ẹ kó ọwọ́ yín fún mi. Ọwọ́ yín ló ń sáré lọ síbi iṣẹ́, tí ojú yín ń wọ́ tẹ̀ lé e. Ẹ kó o wá, èmi ni màá bá yín dì í mú."

"Wàsílátù, omi kò ní gbé ọ?"

"Inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ẹ máa bọ̀, òtútù ń mú mi."

Ó dìde, ó wọlé. Ó bo gíláàsì, ó sì kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì fún un. Wàsílátù di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú gírígírí, bí ẹni tó mú olè. Mọ́ṣúdù sé èémí, ó sì kúnlẹ̀ sínú omi.

Ojú rẹ̀ pa dé. Ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ lọ sílẹ̀, wọn kò jẹ́ kó lọ. Ó tún fẹ́ lọ, wọ́n tún dá a dúró. Kò sí ọ̀pá, kò sí garawa, kò sì sẹ́ni tó ń dúró de nǹkan kan lókè. Láti ìgbà tó ti ń wọ omi, kò tíì wà nísàlẹ̀ rí láìní ohun tó ń wá. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, kò mọ ohun tí yóò fi ara rẹ̀ ṣe. Nígbà tó ṣe, nítorí pé kò sí ohun mìíràn tó kù láti ṣe, ó lajú.

Iyanrìn ló kọ́kọ́ rí. Ó rò pé òun mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò sọ fún un rí pé ó ní àwọ̀. Àwọn kan funfun, àwọn kan pọ́n bí oyin, àwọn kan sì ń tàn bí àfọ́kù ìgò. Lórí rẹ̀ ni ẹsẹ̀ méjì dúró sí, tí etí ìró aláró kan ń fì lọ fì bọ̀ lókè wọn. Ẹja kékeré kan, tí kò tó èékánná, wá gbóòórùn ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó ronú, ó sì lọ sí ti òsì. Mọ́ṣúdù ń wò ó. Ó wò ó títí.

Lókè, Wàsílátù ń retí. Ó fà á, kò wá. Ṣẹ̀rífátù ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ Ọlọ́run ní bèbè, kì í sì í ṣe fún ẹ̀fẹ̀. Wàsílátù tún fà á, gidigidi lọ́tẹ̀ yìí, ó sì yọrí, omi ń dà lára rẹ̀, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kalẹ̀ nínú gíláàsì bí ojú òwìwí.

"Kí lẹ rí?" ni àwọn méjèèjì jọ bèèrè.

Mọ́ṣúdù mí. Ó wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn án.

"Ìyá Fàlílátù," ló wí, débi pé àwọn apẹja tó wà lọ́ọ̀ọ́kán yíjú padà, "ó yẹ kí o gé èékánná ẹsẹ̀ rẹ."

Kí Wàsílátù tó rí ohun tí yóò fi dá a lóhùn, ó ti na ọwọ́ méjèèjì sí i kó tún dì í mú, ó sì ti rì padà.